Báwo ni a ṣe lè sọ ìgbẹ́ adìẹ, ẹ̀gbin odò ẹran àti ohun tí wọ́n fà nínú sókáwéè di ajílẹ̀ tí kò ní pa ènìyàn lára?

Ọlọ́sìn Lálúpọn béèrè:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ àgbẹ̀. Adìẹ ẹlẹ́yin ni mò ń sìn ní agbègbè Lálúpọn, lẹ́bàá Ìbàdàn, mo sì máa ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti àgbàdo sí àkùrọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iye tí wọ́n ń ta àpò ajílẹ̀ òyìnbó kan ti kọjá ohun tí èrè ẹ̀fọ́ lè gbé, bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ adìẹ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé adìẹ, tí òórùn àti eṣinṣin rẹ̀ sì ti ń di ọ̀rọ̀ láàárín èmi àti àwọn aládùúgbò mi. Ó hàn sí mi pé ohun tí mò ń wá lọ sọ́jà wà nítòsí mi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ lò ó láìmọ ọ̀nà rẹ̀, nítorí pé ẹni tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí ìdí tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, àwọn ewé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó láti etí wọ inú títí gbogbo ebè náà fi gbẹ.

Mo fẹ́ mọ bí a ṣe ń tọ́jú ìgbẹ́ adìẹ tí kò fi ní jó irúgbìn mọ́. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí n gba ìgbẹ́ inú màlúù, ẹ̀jẹ̀ àti egungun lọ́wọ́ àwọn alápatà tí mo mọ̀ ní odò ẹran, tí wọ́n ti ṣetán láti fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ṣe ni àwọn fúnra wọn ń san owó fún ẹni tí ń bá wọn kó o dànù. Èyí tí ó ń kọ mí lóminú jù ni ti ẹnì kan tí ó ní ọkọ̀ tí ń fa sókáwéè. Ó wá bá mi pé òun fẹ́ máa da ohun tí òun bá fà ní ilé àwọn ènìyàn sí ilẹ̀ mi, pé òun yóò tún máa fún mi lówó lé e, àti pé kò sí ajílẹ̀ tí ó dára tó o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ni kí ó dá mi lóhùn, nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ ni yóò jẹ ẹ̀fọ́ yìí.

Àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn dáhùn:

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrònú. Ti ìgbẹ́ adìẹ ni mo lè sọ, nítorí pé òun ni mò ń lò lóko mi.

Amóníà, gáàsì tí òórùn rẹ̀ máa ń ta ni nímú, ni ó jó tẹ̀tẹ̀ ẹni tí ẹ jọ pààlà. Nínú ìgbẹ́ àwọn ẹran ọ̀sìn tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ti adìẹ ni náítírójìn, oúnjẹ irúgbìn tí ń sọ di amóníà yìí, pọ̀ sí jù, torí pé adìẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń jáde pọ̀, ohun funfun tí ẹ sì ń rí lórí rẹ̀ ni ìtọ̀ náà, tí yóò di amóníà bí omi bá ti kàn án tí àwọn kòkòrò tíntìntín sì bá a ṣiṣẹ́. Bí amóníà àti iyọ̀ ìgbẹ́ náà bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìdí irúgbìn, wọn yóò máa fa omi kúrò lára gbòǹgbò dípò kí gbòǹgbò máa fà á láti inú ilẹ̀. Kì í ṣe pé ìgbẹ́ adìẹ kò dára, agbára rẹ̀ ni ó pọ̀ jù, a sì gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò gba agbára náà mọ́ra.

Ohun gbígbẹ tí a pò mọ́ ìgbẹ́ náà, tí a sì kó jọ ní okìtì kí ó lè jẹrà, ni ó ń gbà á mọ́ra: pòròpórò àgbàdo tí a gé sí wẹ́wẹ́, koríko gbígbẹ, ewé gbígbẹ, èèpo ẹ̀pà, tàbí ìyẹ̀fun pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la igi. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń jẹ okìtì náà ń fẹ́ kí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn. Ti ìgbẹ́ adìẹ nìkan máa ń wà ní nǹkan bí ìlọ́po 10 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ti ìyẹ̀fun pákó máa ń ju ìlọ́po 200 lọ. Nítorí náà ni ìyẹ̀fun pákó díẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀, tí ó sì jẹ́ pé bí ẹ bá ki í jù, okìtì náà yóò kàn jókòó láìgbóná. Bí àwọn adìẹ yín bá ń sùn lórí ìyẹ̀fun pákó nílẹ̀, apá kan iṣẹ́ yìí ti parí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí inú kéèjì ni wọ́n wà, tí ìgbẹ́ wọn ń bọ́ sílẹ̀ lásán, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ìgbẹ́ kan sí agbọ̀n pòròpórò méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì jẹ́ kí imú yín ṣe ìdájọ́. Bí amóníà bá ń ta yín nímú, ohun gbígbẹ kò tíì tó. Bí okìtì náà kò bá gbóná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìgbẹ́ ni kò tó, tàbí omi.

Ní ti omi, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín okìtì, kí ẹ fún un gírígírí. Bí omi bá ń ṣàn jáde láàárín ìka yín, ó ti tutù jù; bí ó bá fọ́n ká ní kété tí ẹ la ọwọ́, ó ti gbẹ jù. Èyí tí ó dúró sójú kan, tí ó sì kàn mú kí àtẹ́lẹwọ́ yín rin díẹ̀, ni ó tọ́. Kí okìtì náà ga tó mítà kan, kí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ó kéré tán, nítorí pé okìtì kékeré kò lè pa ooru rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ fà á yọ, kí ẹ sì di ibi tí ó wà nínú okìtì mú. Bí iṣẹ́ bá ń lọ, ẹ kò ní lè dì í mú pẹ́. Ooru yẹn ni ó ń pa kòkòrò àrùn àti èso èpò. Òfin tí wọ́n fi ń darí oko aláìlókẹ́míkà ní Amẹ́ríkà sọ pé kí okìtì gbọọrọ gbóná láti 55 sí 77 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọjọ́ 15 ó kéré tán, kí wọ́n sì yí i ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Yíyí yìí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń sá fún, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni kókó iṣẹ́ náà, torí pé eteetí okìtì kì í gbóná, ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wọ àárín kí ooru lè kàn án.

Lẹ́yìn tí ooru bá ti lọ sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù kan sí méjì sí i kí ó lè balẹ̀. Ẹ fi tapólì bò ó nígbà òjò, kí òjò má baà wẹ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ sínú odò. Ẹ má sì ṣe da eérú ààrò sí okìtì tútù, nítorí pé eérú a máa lé amóníà jáde sínú afẹ́fẹ́, náítírójìn tí ẹ ń ṣe gbogbo wàhálà yìí lé lórí yóò sì bá a lọ. Orí ilẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí ẹ da eérú sí.

Wolé-wolé tí ó ti fẹ̀yìntì dáhùn:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Iṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ sókáwéè yẹn ni mo fẹ́ mú. Ẹ má gbà fún un. Ẹ má gba owó rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó da ọkọ̀ kan ṣoṣo dànù láti fi hàn yín.

Òótọ́ ni pé oúnjẹ irúgbìn wà nínú ohun tí ó ń fà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú náítírójìn tí ènìyàn ń yọ kúrò lára wà nínú ìtọ̀, kò sí nínú ìgbẹ́. Inú ìgbẹ́ sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àrùn wà. Nínú sókáwéè, méjèèjì ti dàpọ̀, omi ìfọṣọ, ọṣẹ apakòkòrò, oògùn tí wọ́n dà nù àti oríṣiríṣi nǹkan mìíràn sì ti bá wọn pọ̀. Onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rù, ó sì yẹ kí wọ́n bẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n ẹyin aràn inú ni ó le jù láti pa. Awọ rẹ̀ nípọn, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi ojú rí i lára ewé tẹ̀tẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Japan lo ìgbẹ́ ènìyàn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, oko wọn sì so dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ènìyàn wò lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, aràn wà nínú ikùn àwọn tí ó ju ìdajì wọn lọ. Ó gba ètò àyẹ̀wò àti oògùn jákèjádò orílẹ̀-èdè náà kí wọ́n tó bọ́ nínú rẹ̀.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2006 ṣe àlàyé ohun tí ó yẹ. Bí a bá fẹ́ tọ́jú ìgbẹ́ ènìyàn ní gbígbẹ láìdáná sí i, ní ilẹ̀ tí ooru rẹ̀ jẹ́ 20 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí í ṣe ti ilẹ̀ wa, kò gbọdọ̀ dín ní ọdún kan láìfi tuntun kún un. Bí ó bá jẹ́ okìtì gbígbóná ni, ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju 50 lọ fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kì í sì í ṣe àárín okìtì nìkan. Ta ni yóò bá ọlọ́kọ̀ yẹn ṣọ́ èyí lórí àkùrọ̀ tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ díẹ̀, tí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò sì ń pọn ọ́n?

Àwọn kan ń ṣe é bí ó ti yẹ, n kò sì fẹ́ kí ẹ rò pé iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe ni. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn onímọ̀ IWMI, àjọ tí ń ṣe ìwádìí lórí omi, bá ìjọba àti àwọn oníṣòwò ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ajílẹ̀ kan tí wọ́n pè ní Fortifer. Ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ń sá ohun tí ọkọ̀ fà náà gbẹ lórí iyanrìn, wọ́n á pò ó pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí ọjà, wọ́n á jẹ́ kí ó gbóná kí ó sì balẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sí kóro kóro. Ilé iṣẹ́ ni ìyẹn, kì í ṣe oko ẹnì kan. Ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà ti ń ta ajílẹ̀ Milorganite tí wọ́n ń ṣe láti inú omi ẹ̀gbin ìlú láti ọdún 1926. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà kan náà fi òfin de dída ẹrẹ̀ omi ẹ̀gbin sí oko ní ọdún 2022, nítorí pé wọ́n rí àwọn kẹ́míkà PFAS tí kì í jẹrà nínú ilẹ̀, nínú omi kànga àti nínú wàrà màlúù ní àwọn oko tí wọ́n ti dà á sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ooru lè pa aràn, kò lè pa irú kẹ́míkà yẹn. Ohun tí ó bá bá omi ilé iṣẹ́ wọlé ni yóò bá ajílẹ̀ jáde.

Àwọn tí ó dàgbà ní Èkó yóò rántí àwọn agbépóò tí ń gbé korobá ìgbẹ́ lóru, tí wọ́n sì ń lọ dà á sínú ọ̀sà. Ilẹ̀ kò rí oúnjẹ inú rẹ̀ jẹ, àrùn inú rẹ̀ sì wà fún ẹni tí ń pẹja. Bí ọlọ́kọ̀ yìí bá ń wá ibi tí yóò da tirẹ̀ sí, ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún un ni kí ó lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: bí ẹ bá ní sókáwéè tiyín tí ó kún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú rẹ̀ láti gbá a, bí ó ti wù kí ó rí kékeré tó. Gáàsì inú rẹ̀ ń pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ kí ẹni tí ó wọlé láti gbé ẹnì kìíní jáde kú sí i pẹ̀lú.

Ọlọ́sìn Lálúpọn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, bàbá wa. Mo ti pe ọlọ́kọ̀ náà, mo sì ti sọ fún un pé kí ó má wá. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣeun, àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn. Mo ti ń kó pòròpórò jọ. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbin odò ẹran. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé kí n má sọ ọ́ di okìtì rárá, pé gáàsì ìdáná ni kí n fi ṣe. Ṣé a lè rí gáàsì níbẹ̀ kí a tún rí ajílẹ̀?

Ọmọ Àjàṣẹ́ dáhùn:

Mo kí yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lè rí méjèèjì. Gáàsì náà kì í mú náítírójìn lọ. Kábọ́ọ̀nù ni ó ń mú lọ. Nígbà tí gáàsì bá ti jáde, ẹrẹ̀ tí ó kù ṣì ní oúnjẹ irúgbìn tí ó ní tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú náítírójìn rẹ̀ sì ti di irú èyí tí gbòǹgbò lè mu kíákíá.

Ní ìlú wa níbí ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Songhai wà, tí àlùfáà Àgùdà kan tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, dá sílẹ̀ ní ọdún 1985 lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan. Ohun tí ó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ẹ̀gbin ẹran ọ̀sìn kan ni oúnjẹ ohun mìíràn: wọ́n ń fi ẹ̀gbin sin idin, idin ń di oúnjẹ ẹja, ìgbẹ́ ń di gáàsì ìdáná, ẹrẹ̀ tí ó kù sì ń lọ sí oko. Ẹ̀yin tí ẹ ní adìẹ àti àkùrọ̀ ní ojúkan ti ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ètò yẹn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹ ó po ìgbẹ́ màlúù tútù pọ̀ mọ́ omi ní ìwọ̀n kan náà, ẹ ó dà á sínú kòtò tàbí táńkì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, àwọn kòkòrò tíntìntín tí kò nílò afẹ́fẹ́ yóò sì máa jẹ ẹ́. Ìgbẹ́ inú ikùn màlúù dára gan-an láti fi bẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn kòkòrò náà ti wà nínú rẹ̀. Kílò ìgbẹ́ màlúù 25 lójúmọ́ lè mú nǹkan bíi mítà oníhà mẹ́ta kan ti gáàsì jáde. Ní ooru ilẹ̀ wa, ohun tí ẹ bá dà sínú rẹ̀ yẹ kí ó lo nǹkan bí ogójì ọjọ́ kí ó tó jáde. Ẹ má fi ìgbẹ́ adìẹ nìkan bẹ̀rẹ̀, amóníà rẹ̀ yóò ni àwọn kòkòrò náà lára. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún ti màlúù. Gáàsì tí ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́ máa ń bá èyí tí a ń wá jáde, májèlé ni, ó sì ń jẹ irin. Ẹ jẹ́ kí ó gba inú ìyẹ̀fun irin tí ó ti dípẹtà kọjá kí ó tó dé ojú ààrò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí gáàsì ti ń jò, omi ọṣẹ ni kí ẹ fi wá a. Ẹ má ṣá ìṣáná nítòsí rẹ̀.

Ìbàdàn gan-an kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ yìí. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter sílẹ̀ ní Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń pa ìdọ̀tí ọjà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù odò ẹran nígbà náà, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn sì dán ajílẹ̀ náà wò lórí oríṣiríṣi irúgbìn. Odò ẹran Bódìjà yìí kan náà ni Joseph Adelegan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò Cows to Kilowatts kalẹ̀ fún, láti fi omi ẹ̀gbin tí ń ṣàn lọ sínú odò ṣe gáàsì àti ajílẹ̀, pẹ̀lú ọgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Thailand, ètò náà sì gba ẹ̀bùn SEED ti àgbáyé ní ọdún 2005. Ní ọdún 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kó àwọn alápatà kúrò ní Bódìjà lọ sí Amósùn ní Akínyẹlé. Ó dùn mí pé ní ọ̀pọ̀ odò ẹran, kòtò ni ẹ̀gbin ṣì ń bá lọ.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ àti egungun, ẹ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n kìkì láti ara ẹran tí dókítà ẹran ti yẹ̀ wò tí ó sì fọwọ́ sí. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn anthrax wọ oko ẹran kan ní ìpínlẹ̀ Niger, irúgbìn àrùn yẹn sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Okìtì gbígbóná kò tó láti mú un kúrò. Ẹran tí ó bá ṣàdédé kú kò gbọdọ̀ wọ inú iṣẹ́ yìí rárá. Ẹ̀jẹ̀ tí a sè, tí a sá, tí a sì lọ̀, máa ń ní náítírójìn tó nǹkan bí ìdá 12 nínú 100, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹ fi sí àárín okìtì. Egungun ní tirẹ̀, bí a bá sè é dáadáa, tí a sá a títí ó fi rọrùn láti fọ́, tí a sì lọ̀ ọ́ kúnná, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ irúgbìn mìíràn, ni ó ń fún ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀ sì ni ó ń tú u sílẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ ti ṣe dáadáa, bí ẹ ó ṣe lò ó lórí ebè ni ó kù.

Kí ẹ tó gbé okìtì náà lọ sóko, ẹ bu díẹ̀ sínú abọ́ kan, kí ẹ pò ó pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ fọ́n èso tẹ̀tẹ̀ sí i. Ẹ fọ́n irú rẹ̀ sí iyẹ̀pẹ̀ lásán nínú abọ́ mìíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí ti àkọ́kọ́ kò bá hù tó ti kejì, tàbí tí ó hù tí etí ewé rẹ̀ ń pọ́n, okìtì náà kò tíì balẹ̀, ẹ padà lọ yí i. Bí méjèèjì bá hù bákan náà, ẹ máa kó o lọ.

Kílò kan fún mítà kan níbùú àti lóòró tó fún ẹ̀fọ́, èyí tí í ṣe tọ́ọ̀nù 10 fún hẹ́kítà kan. Ẹ dà á sórí ebè ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí ẹ tó gbin nǹkan, kí ẹ sì fi ọkọ́ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ òkè. Èyí tí ó bá wà lórí ilẹ̀ ní ìhòòhò, oòrùn ni yóò jẹ ẹ́. Ẹrẹ̀ gáàsì tí Ọmọ Àjàṣẹ́ sọ, ìdí irúgbìn ni kí ẹ rọ ọ́ sí, ó dára fún àgbàdo. Ẹ má rọ ọ́ sórí ewé ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ já, nítorí pé ooru inú kòtò gáàsì kò pọ̀ tó láti pa gbogbo àrùn. Bí ìgbẹ́ tútù bá sì ti kan ilẹ̀ kan tẹ́lẹ̀, òfin oko aláìlókẹ́míkà tí Àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn mẹ́nu kàn ní kí ọjọ́ 120 kọjá kí a tó já ẹ̀fọ́ tí ó ń kan ilẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ kì í dúró tó bẹ́ẹ̀ lórí ebè kí a tó tà á. Ẹ gbin àgbàdo sí irú ebè bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì gbé tẹ̀tẹ̀ àti ewédú lọ sí èyí tí okìtì gbígbóná nìkan wà.